PAJÁPAJÁ ẸSẸ̀: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Eré Sísá

 

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé ọdọọdún wa tí ó kọjá, a fẹnu kò pé kí àwa tí ara wa bá gbé e máa péjọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ Sátidé, kí a máa rìn, kí a sì máa sáré. Ohun tí ó fa ìpinnu náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ ríru mú ènìyàn méjì lọ nínú wa, kò sì sí èyí tí ó darúgbó nínú wọn. Ní Sátidé àkọ́kọ́, àwa 43 ni a jáde. Nígbà tí yóò fi di Sátidé kẹrin, a ti kù sí 17. A bi àwọn tí kò wá mọ́ pé kí ló dé. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wí: "Pajápajá ni kò jẹ́."

Ìyá kan nínú wa tí ó ń ta aṣọ sọ pé òru ni ó mú òun, òun sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ òun fi rò pé olè ló wọlé. Arákùnrin kan ń sáré lọ sílé, ibi tí ó ti fẹ́ sọdá títì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ki. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ dánfó tí ó tètè tẹ bíréèkì. Bàbá kan ra kíníìnì ní kẹ́mísì, ó gbé e mì, etí rẹ̀ sì ń hó yee títí di ọjọ́ kejì. Ẹlòmíràn po iyọ̀ mọ́ omi, ó mu ún, ó sì bì í. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìdí nìyí tí a fi yan ẹ̀kọ́ oṣù yìí.

KÍ NI PAJÁPAJÁ YÌÍ GAN-AN?

Kì í ṣe ti ẹsẹ̀ tí ó kú nítorí pé a jókòó lé e ni à ń wí. Èyí tí à ń wí ni pé kí iṣan ẹsẹ̀ dédé ki, kí ó le bí igi, kí ó sì máa ro ni goorogo.

Nígbà tí a bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ọpọlọ wa a ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí iṣan pé kí ó súnkì. Bí iṣẹ́ bá ti parí, iṣan a tú. Pajápajá ni kí iṣan súnkì tán, kí ó kọ̀, kí ó má tú mọ́. Ó lè jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Ibi tí ó fẹ́ràn jù lọ ni ẹran ẹsẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ojúgun. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn itan àti iwájú itan.

KÍ NÍ Ń FÀ Á?

Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ láti kékeré ni pé iyọ̀ àti omi ló dín nínú ara. Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò. Ní nǹkan bí ọdún 1923, wọ́n ṣàkíyèsí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn tí ń wa èédú nínú ihò tí ó móoru máa ń làágùn púpọ̀, tí wọ́n bá sì mu omi lásán, pajápajá a máa mú wọn. Nígbà tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí omi náà, ara tù wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú oòrùn, tí òógùn rẹ̀ ń ṣàn bí omi, iyọ̀ lè wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tí a sáré fún ogún ìṣẹ́jú ní àárọ̀ kùtùkùtù ńkọ́? Ní ọdún 1997, dókítà Martin Schwellnus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa gbé àlàyé mìíràn kalẹ̀, pé àárẹ̀ iṣan ni olórí ohun tí ń fa ti àwọn tí ń sáré. Bí iṣan bá ti rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, iṣẹ́ tí à ń rán sí i pé "súnkì" a pọ̀ jù, èyí tí ó ń wí pé "ó tó" a dín kù. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí pajápajá mú nínú eré ọlọ́nà jíjìn wò, wọ́n fi wé ti àwọn tí kò mú. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú iyọ̀ àti omi ara wọn kò tó nǹkan. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn tí ó mú sábà máa ń sáré ju bí wọ́n ti ń ṣe ní ìgbà ìdánrawò, tàbí kí ó ti mú wọn rí. Àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ kò tíì parí pátápátá, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rí pọ̀ sí nìyí. Àwọn akọni tí ń sá kìlómítà 42 ní Èkó láti ọdún 2016 pàápàá, kò yọ wọ́n sílẹ̀ bí iṣan wọn bá ti rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi èdè ẹgbẹ́ wa sọ ọ́. Òfin wa ni pé ìlọ́po méjì owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti fi pamọ́ ni ó lè yá. Ẹni tí ó wọlé lánàá kò lè wá béèrè mílíọ̀nù kan lónìí. Bí ó bá béèrè, akápò á pa ìwé dé ni. Ẹsẹ̀ náà ní ìwé tirẹ̀. Ẹni tí kò sáré láti ọdún 20 kò ní nǹkan kan ní àpò ẹsẹ̀. Bí ó bá jí ní ọjọ́ kan tí ó sá ìyípo pápá márùn-ún, ó ti yá ju ohun tí ó ní lọ. Pajápajá ni akápò tí ó pa ìwé dé.

Níbí yìí ni àwa ìgbìmọ̀ ti gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, àwa ni a pín yín sí ọ̀wọ́ méjì, tí a ní kí ẹ bá ara yín díje yí pápá ká, tàgbà tọmọdé. Ariwo pọ̀, inú wa sì dùn, ṣùgbọ́n a ṣi yín lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

BÍ Ó BÁ MÚ YÍN, KÍ NI KÍ Ẹ ṢE?

1. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá wà lẹ́bàá títì, ẹ kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà ná. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó sá a tán.

2. Ẹ na iṣan náà. Èyí ni oògùn tí ó yá jù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojúgun, ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ sì fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ara yín. Bí ọwọ́ yín kò bá tó o, ẹ fi ìborùn tàbí aṣọ ìnura kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ máa fà á wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn itan, ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iwájú itan, ẹ di nǹkan mú, kí ẹ fa gìgísẹ̀ lọ sí ìdí. Ẹ mú un dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ má já a gbà o.

3. Ẹ fi ọwọ́ ra á jẹ́jẹ́. Bí ó bá dílé tí ó ṣì ń ro yín, aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára.

4. Ẹ rìn lọ sílé. Eré ti tán fún ọjọ́ yẹn.

Bí ó bá jẹ́ òru ni, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, kí ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹ sì gbé ara lé e. Àwọn mìíràn a máa rí ìrọ̀rùn bí wọ́n bá na ẹsẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó sùn.

Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ má fi okùn dì í. Ẹ má sì lo kíníìnì fún un, a bẹ̀ yín. Láti ọdún 1994 ni àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti fòfin de títà á fún pajápajá láìsí ìwé dókítà, nítorí pé ó lè da ìlù ọkàn rú, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Ìfipamọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọdún 1996, ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ṣe ètò ọ̀sẹ̀ 9 fún àwọn tí kò sáré rí. Ètò náà ti ràn ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, òun sì ni a ó máa tẹ̀ lé báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, ẹ rìn fún 90, ẹ tún sáré, ẹ tún rìn, títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ ni eré ń gùn sí i, tí ìrìn ń kúrú sí i. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ kan bá nira fún, kí ó tún un ṣe. Kò sí ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹ kò bá lè bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń sáré, eré yín ti pọ̀ jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́.

Ẹ fún ẹsẹ̀ lágbára nílé. Ẹ di ògiri mú, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10 sí 15, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ lè ṣe é nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọbẹ̀ kó hó.

Ní ti omi, ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín. Ẹ má fi ipá mu ún. Ní Boston, ní ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tí wọ́n sá kìlómítà 42 wò. Nǹkan bí 13 nínú 100 ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ, olórí ohun tí ó sì fà á ni omi tí wọ́n mu jù. Ìyẹn léwu, ó lè pa ènìyàn.

Ní ti iyọ̀, èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀ wa ti tó fún eré ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń bu iyọ̀ mu nítorí pajápajá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún fa ohun tí a torí rẹ̀ ń sáré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára fún ara, ẹ máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn pajápajá.

NÍGBÀ TÍ KÌ Í ṢE PAJÁPAJÁ LÁSÁN

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ìrora rẹ̀ kò lọ: ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Bí èémí bá tún ń há, tàbí tí àyà ń ro yín, ẹ má dúró di ọ̀la.

Bí ìtọ̀ yín bá dúdú bí kóòkì lẹ́yìn eré.

Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti rìn dé ìwọ̀n ibì kan, tí ó sì ń lọ tí ẹ bá dúró. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè ti dí. Kí àwọn alátọ̀gbẹ àti àwọn tí ń mu sìgá kíyè sí èyí gan-an.

Bí pajápajá bá ń mú yín léraléra láti ìgbà tí ẹ ti ń lo oògùn kan, pàápàá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, kí ó gba ìmọ̀ràn dókítà kí ó tó bá wa sáré rárá.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Àwọn àgbà ní asáré tete kò ní kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò ní sùn sọ́nà. Ilé kan náà ni gbogbo wa ń lọ. Àwa tí a ń dá owó kékeré lóṣooṣù, tí a fi kọ́ ilé, tí a fi rán ọmọ níwèé, a mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni a ó tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo wa. Kò sí ìdíje mọ́. Ìyá aláṣọ ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Ẹ̀yin 26 tí ẹ dúró sílé, àyè yín ṣì ṣófo ní pápá, a sì ń retí yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí ń wa èédú ní ọdún 1923 àti àwa tí a ń sáré ní Sátidé?
2. Kí ẹnì kan fi ìborùn hàn wá bí a ṣe ń na ẹsẹ̀.
3. Èwo nínú àmì márààrún ni ó yẹ kí a sọ fún àwọn ará ilé wa lónìí?