KÒKÒRÒ INÚ ÀPÒLÚKÙ ÀTI ÌWÒSÀN RẸ̀

Bí inú bá ń ta ènìyàn ládùúgbò Òkè-Ogbó ní Ilé-Ifẹ̀, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ata ni ó jẹ jù, tàbí pé ebi ni ó fi ń pa ara rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá gbà pé ìrònú àti omi kíkan inú ikùn ni ó ń fa ọgbẹ́ inú, nítorí wọn kò rò pé kòkòrò lè gbé inú omi tí ó kan tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1979, Dókítà Robin Warren ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹran ara tí a mú nínú àpòlúkù aláìsàn, ó sì rí kòkòrò tí ó lọ́ bí okùn. Ní 1982, òun àti Dókítà Barry Marshall rí kòkòrò náà tọ́ nínú àwo. Nígbà tí ọ̀pọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ ní 1984. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ń bì, inú àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Ní 2005 àwọn méjèèjì gba Ẹ̀bùn Nobel. Helicobacter pylori ni orúkọ kòkòrò náà.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Kòkòrò yìí ń pèsè èròjà tí ń dín kíkan omi kù ní àyíká rẹ̀, ó sì ń fara pamọ́ sínú ohun yíyọ̀ tí ó bo ògiri àpòlúkù. Ibẹ̀ ni ó ń gbé fún ọdún púpọ̀, tí ó ń mú ara ibẹ̀ wú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i kò mọ̀. Lára àwọn mìíràn ó ń di ọgbẹ́, lára àwọn díẹ̀ ó ń di jẹjẹrẹ.

Ìwòsàn rẹ̀ ni oògùn apakòkòrò méjì ó kéré tán, pẹ̀lú èyí tí ń dín omi kíkan kù, nígbà púpọ̀ fún ọjọ́ 14, gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti pàṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ti rọlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa pa oògùn ìyókù tì. Kòkòrò tí oògùn kò pa tán a máa di ẹni tí oògùn kò ràn mọ́. Ní 2007 àwọn onímọ̀ tẹ ìròyìn jáde lórí kòkòrò yìí tí a gbà lára àwọn aláìsàn ní Ilé-Ifẹ̀: amoxicillin àti metronidazole, tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó, kò rí ọ̀pọ̀ nínú wọn pa mọ́.

Kí ni ojúṣe àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni? Ìgbà èwe ni kòkòrò yìí sábà máa ń wọ inú ènìyàn, láti ẹnu dé ẹnu, tàbí láti inú ìgbẹ́ bọ́ sí ọwọ́ àti omi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun àti nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìgbẹ́ jáde. Bí òbí kan bá sọ fún wa pé inú ti ń ta òun tipẹ́, kí á má ṣe ní kí ó yọ ata kúrò lọ́bẹ̀ nìkan; kí á tọ́ ọ sí ilé ìwòsàn, kí á sì bẹ̀ ẹ́ kí ó lo oògùn rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la.