Ẹlẹ́rìí ni Nọ́ńbà, Kì í Ṣe Adájọ́



Púpọ̀ nínú wa lè rò pé iṣẹ́ olùkọ́ kò kọjá ara pátákó àti ẹfun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé kì í pẹ́ tí a ó fi gbé ìwé owó kan lé olùkọ́ lọ́wọ́: owó ìwé kíkà, owó eré ìdárayá, owó àjọ àwọn olùkọ́, tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn òbí. Ní ọjọ́ náà ni olùkọ́ di akápò. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, a lè ní kí ó yẹ ìwé akápò ẹlòmíràn wò. Iṣẹ́ méjèèjì ni ó ní ewu tirẹ̀. Bí akápò kò bá ṣọ́ra, owó yóò sọnù. Bí ẹni tí ń yẹ ìwé wò kò bá ṣọ́ra, orúkọ rere ènìyàn ni yóò sọnù, èyí sì ṣòro láti rí padà ju owó lọ.

Ní òde òní, àwọn olùṣirò owó ń kọ́ ọgbọ́n kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní data analytics. Bí orúkọ náà ti le tó, ohun tí ó túmọ̀ sí kò le. Ó jẹ́ kíkó gbogbo iye inú ìwé jọ, títò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kíkà wọ́n ní oríṣi oríṣi, àti wíwo ohun tí kò bá ìyókù mu. Ní àtijọ́, olùyẹ̀wò a máa fa ìwé díẹ̀ yọ nínú ọ̀pọ̀, a sì fi díẹ̀ náà mọ bí ìyókù ti rí. Nísinsìnyí kọ̀ǹpútà lè ka gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń wá, kọ̀ǹpútà kò lè bá a mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, kí a fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ.

I. ÒFIN NỌ́ŃBÀ TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Ní ọdún 1881, Simon Newcomb, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe àkíyèsí ohun kékeré kan. Ní ayé ìgbà náà, ìwé lọ́gárídìmù ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ṣe ìṣirò ńlá. Newcomb rí i pé àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, níbi tí àwọn iye tí 1 ṣáájú wọn wà, gbó ju àwọn ojú ewé ìkẹyìn lọ. Èyí fi hàn pé iye tí 1 ṣáájú ni àwọn ènìyàn ń wá jù. Ní 1938, Frank Benford, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ General Electric, kó iye 20,229 jọ láti ibi púpọ̀: títóbi àwọn odò, iye ènìyàn inú ìlú, àwọn nọ́ńbà inú ìwé ìròyìn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan náà ni òun pẹ̀lú rí. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe òfin náà títí di òní.

Òfin Benford sọ pé, nínú 100 iye tí ó ti inú òwò tàbí ìdàgbàsókè wá, nǹkan bí 30.1 ni 1 yóò ṣáájú. 2 yóò ṣáájú 17.6, 3, 12.5, 4, 9.7, 5, 7.9; 6, 6.7; 7, 5.8, 8, 5.1, 9 yóò sì ṣáájú 4.6 péré.

Ẹnìkan lè béèrè pé: èéṣe tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò fi ní ìpín kan náà? Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá aláṣọ kan tí owó òwò rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Kí 1 tó lè kúrò níwájú owó yìí, owó náà ní láti di ìlọ́po méjì, kí ó tó ₦20,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó náà bá ti di ₦90,000, bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́sàn-án rẹ̀ kún un, ó ti di ₦100,000, 1 sì tún ti padà síwájú. Bí òwò ìyá náà bá ń gbèrú ní ìwọ̀n kan náà lóṣooṣù, yóò pẹ́ púpọ̀ lórí 1, yóò sì yára kọjá lórí 9. Kò sí idán níbẹ̀. Bí ìdàgbà ti rí ni.

Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láìní kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n kọ 2 sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 4, 8, 16, 32, títí iye yóò fi pé 20, èyí tí ó kẹ́yìn yóò sì jẹ́ 1,048,576. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka àwọn tí ó ṣáájú. Wọn yóò rí i pé 1 ṣáájú ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, 2 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. 3, 4, 5, 6 àti 8 ní ẹ̀ẹ̀mejì mejì. 7 àti 9 kò sì ṣáájú rárá. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á kò ní í gbàgbé.

II. SỌ̀WÉDOWÓ 23 NÍ ARIZONA

Báwo ni èyí ṣe kan ìwé owó? Nítorí pé nígbà tí ènìyàn bá jókòó láti fi orí ara rẹ̀ hùmọ̀ iye owó, kì í rántí òfin yìí. Yóò máa pín àwọn nọ́ńbà bí ó ti wù ú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1992, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì akápò ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà kọ sọ̀wédowó 23 fún oníṣòwò kan tí kò sí láyé. Àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 dọ́là. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye kékeré, ó sì yára gòkè. Kò kọ iye kan náà lẹ́ẹ̀méjì, kò sì kọ iye tí ó pé géérégé, kí ojú má baà kíyè sí i. Púpọ̀ nínú wọn dúró ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí 100,000 dọ́là, bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù ibi tí a ti lè bi í léèrè. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ṣe é láti fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà tuntun wọn kò ní ààbò. Ní 1993, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi.

Mark Nigrini, olùkọ́ ìṣirò owó tí ó ti kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí òfin Benford ní 1992, fi ọ̀ràn yìí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn olùṣirò owó ní 1999. Ẹ wo ohun tí ó wà níbẹ̀: nínú sọ̀wédowó 23 náà, 21 ni 7, 8 tàbí 9 ṣáájú. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, ìwọ̀n 3 tàbí 4 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ọkùnrin náà fi iye kọ̀ọ̀kan pamọ́ dáradára, ṣùgbọ́n kò lè fi gbogbo wọn pamọ́ pọ̀. Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

III. IBI TÍ ÒFIN NÁÀ KÒ DÉ

Bí mo bá dúró níhìn-ín, mo ti pa ẹ̀kọ́ náà lára. Ẹlòmíràn yóò gbé ìwé ìròyìn yìí lọ sí ibi iṣẹ́, yóò ka nọ́ńbà inú ìwé akápò ẹgbẹ́, yóò sì kígbe olè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọmọ 200 bá san ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, 5 ni yóò ṣáájú gbogbo rẹ̀, kò sì sí olè níbẹ̀. Òfin náà kò kan owó tí a ti dá iye rẹ̀ sílẹ̀, kò kan nọ́ńbà tẹlifóònù, kò sì kan ọjọ́ orí àwọn ọmọ kíláàsì kan. Bákan náà, kò ṣeé gbára lé nígbà tí iye inú ìwé bá kéré jù. Ẹni tí ó ka iye 15 kò tíì ka nǹkan.

Òfin Benford kì í sọ ẹni tí ó jalè. Ibi tí ó yẹ kí a tún wò ni ó ń tọ́ka sí.

IV. NÍGBÀ TÍ A SỌ NỌ́ŃBÀ DI ADÁJỌ́

Ìtàn Arizona jẹ́ ti ẹni tí nọ́ńbà tú àṣírí rẹ̀. Ìtàn mìíràn wà ní Ìlú Ọba tí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ó sì yẹ kí a máa kọ́ méjèèjì pọ̀.

Ní 1999, Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Horizon, tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, sí àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ètò náà ni ó ń ṣírò iye owó tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó dín níbi púpọ̀. Láti 1999 títí di 2015, ó ju 900 ènìyàn lọ tí a dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan ta ilé wọn láti fi san owó tí wọn kò jẹ. Ojú ti àwọn mìíràn títí wọ́n fi kúrò ní àdúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sọ fún pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, lẹ́yìn tí àwọn 555 ti pe ẹjọ́ pọ̀ lábẹ́ Alan Bates, ilé ẹjọ́ gíga ní London sọ pé àṣìṣe wà nínú Horizon tí ó lè mú kí owó dàbí ẹni pé ó dín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ẹ̀bi ènìyàn 39. Ní 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó wẹ ọgọ́ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kù mọ́.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Ká ní ẹnìkan ti kó gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí jọ sí ojú kan, kí ó kà wọ́n, kí ó sì tò wọ́n ní ọdọọdún, ì bá ti béèrè pé: báwo ni ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn yóò ṣe di olè ní àkókò kan náà tí ẹ̀rọ tuntun dé? Nọ́ńbà tí a fi dá wọn lẹ́bi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ì bá gbà wọ́n là bí a bá kà á pọ̀. A kò bi ẹ̀rọ náà léèrè. Ènìyàn nìkan ni a bi. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

V. BÍ A Ó TI ṢE É

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n yìí, kí ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù àti ìwé onílà ṣe é, lẹ́yìn náà kí ó lo Excel nínú kọ̀ǹpútà, tí ó ń to iye sí ìlà àti òpó. Àwọn ìbéèrè tí yóò bi ìwé owó nìyí:

1. Ǹjẹ́ nọ́ńbà rìsíìtì kan fò, tàbí ó wà lẹ́ẹ̀méjì?
2. Ǹjẹ́ a san iye kan náà fún ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀méjì?
3. Ǹjẹ́ a san owó ní ọjọ́ Àìkú tàbí ní ọjọ́ ìsinmi?
4. Ǹjẹ́ ọ̀pọ̀ iye dúró ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí iye tí ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọ̀gá?
5. Bí iye inú ìwé bá pọ̀, tí a kò sì dá a sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ǹjẹ́ àwọn nọ́ńbà tí ó ṣáájú bá òfin Benford mu?

Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ó bi ara rẹ̀ ní èyí tí ó tóbi jù: ọ̀nà wo ni èyí fi lè ṣẹlẹ̀ láìsí ẹ̀ṣẹ̀? Rìsíìtì tí ó fò lè jẹ́ èyí tí yíǹkì dà sí, tí akápò sì fi pamọ́ sẹ́yìn ìwé. Iye tí ó wà lẹ́ẹ̀méjì lè jẹ́ owó iṣẹ́ oṣù méjì. Owó ọjọ́ Àìkú lè jẹ́ ti ọmọ tí àìsàn gbé, tí a sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ akápò ni kí ó kọ́kọ́ lọ, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè. Bí ìdáhùn bá wà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí, nígbà náà ni kí ó mú ọ̀ràn náà dé iwájú àwọn àgbà.

FÚN ÌDÁNRAWÒ: Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kó iye 100 jọ láti inú ìwé iye ènìyàn àwọn ìlú, kí ó ka àwọn tí 1 dé 9 ṣáájú, kí ó sì fi wé òfin Benford. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi orí hùmọ̀ iye 100, kí ó ka ìwọ̀nyí pẹ̀lú. Kí ó kọ ìyàtọ̀ tí ó rí sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì kọ ìdí mẹ́ta tí ìwé olóòótọ́ akápò fi lè yàtọ̀ sí òfin náà. Ẹni tí kò bá rí ìdí mẹ́ta, kò tíì yẹ ní ẹni tí à ń fún ní ìwé ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò.