PÁTÁKÓ TÓ Ń SỌ ÀKÓKÒ ÌRÌN LẸ́BÀÁ TÍTÌ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa ní Koro, Òsí, Ìlọ́fà àti agbègbè wa gbogbo,

Ẹ̀kọ́ wa tòní ni pátákó tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí mọ́tò máa lò kó tó dé ibì kan. Ó wà lójú títì M25 tó yí Lọ́ńdọ̀n ká. Iná ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí sún-kẹẹrẹ bá pọ̀, iye ìṣẹ́jú á yí padà.

Lọ́dọ̀ tiwa, kìlómítà là ń rí. Àwọn àgbà ṣì ń ka máìlì. Máìlì 5 sì tó kìlómítà 8. Ṣùgbọ́n kìlómítà kọ́ ló ń ba tòmátì jẹ́, àkókò ni. Mọ́tò tó ń sá 80 ní wákàtí kan á rin kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú 15. Bí kòtò bá sọ ọ́ di 20, wákàtí kan gbáko ni. Ọ̀nà kan náà ni o!

Báwo ni kí pátákó ṣe rí tó fi máa yé dírẹ́bà?

1. Kí ọ̀rọ̀ kéré. Kí ẹ tó pe "ẹ kú ọjà" tán, mọ́tò tó ń sá 80 ti fi bíi mítà 22 sílẹ̀. "ÌLỌ́FÀ, ÌṢẸ́JÚ 20" ti tó. Ká má kọ orúkọ ẹni tó dáwó mọ́ ọn.

2. Kí nọ́ńbà tóbi. Ẹni tí kò kàwé mọ nọ́ńbà, torí owó. Kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ síra, kí igbó má bò ó.

3. Kó wà ṣáájú oríta, kí dírẹ́bà lè yan ọ̀nà. Tó bá ti kọjá oríta, kí ló kù?

4. Kó jẹ́ òótọ́. Ìṣẹ́jú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ti ìgbà òjò. Pátákó tó bá purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, dírẹ́bà ò ní wò ó mọ́. Èyí tó burú jù ni kí ó máa sáré àsápajúdé kó lè bá nọ́ńbà dọ́gba, àwa àti ẹrù wa sì wà lẹ́yìn.

Níwọ̀n bí a kò ti ní ti oníná, ẹ jẹ́ ká fi pátákó dúdú bíi ti ilé ìwé sí gáréèjì. Kí dírẹ́bà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ iye ìṣẹ́jú tó lò, ká fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, ká kọ wákàtí tó dé mọ́ ọn. Ẹni tó ń kó ẹ̀fọ́ á mọ̀ bóyá kó gbéra tàbí kó dúró.

Ẹ rò ó wá sípàdé.