Ìjókòó Inú Ọkọ̀ Òfurufú: Kí Ni Owó Ẹgbẹ́ Ń Rà?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti dàgbà tó láti rán aṣojú lọ sí òkè òkun: irú ìjókòó wo ni ó yẹ kí a fi owó àjọ rà fún un nínú ọkọ̀ òfurufú?

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ nìyí. Ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ kan tí a lọ bẹ̀ wò, wọ́n ka ìṣirò owó ọdún, wọ́n sì kan owó tíkẹ́ẹ̀tì alága lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bísínẹ́ẹ̀sì ni wọ́n rà fún un. Ìyá kan tí ń ta aṣọ dìde, ó ní: “Alága wa, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ìjókòó yẹn máa ń tètè dé Lọ́ńdọ̀nù ju àwọn tó kù lọ ni?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága dáhùn pé: “Ìyá wa, iyì ẹgbẹ́ ni.” Akọ̀wé fi kún un pé ní ọdún tí ó ṣáájú, ìkọ́nọ́mì ni òun wọ̀ ní òru, òun sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀, òun sì gba ibi ìpàdé lọ tààrà. Oorun ni òun ń tò títí di ọ̀sán, ìròyìn tí òun mú bọ̀ kò sì kún ojú ìwé kan. Ìyá náà jókòó, ṣùgbọ́n a rí i pé ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ àwa náà lọ́rùn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí owó ń rà kò lè mọ̀ bóyá owó náà pọ̀ tàbí ó kéré.

1. Ohun tí wọ́n ń tà

Bí ẹ bá gba ìsọ̀ nínú ọjà, ìwọ̀n ilẹ̀ ni ẹ ń san owó lé lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọkọ̀ òfurufú. Àyè ni wọ́n ń tà.

Nínú ìkọ́nọ́mì, láti ẹ̀yìn ìjókòó kan dé ẹ̀yìn ìjókòó tí ó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 31 tàbí 32. Inú íǹṣì wọ̀nyí ni ara àga fúnra rẹ̀ àti orúnkún èrò ti ń pín àyè. Fífẹ̀ àga jẹ́ íǹṣì 17 sí 18. Ẹ̀yìn àga lè rọ̀gbọ̀kú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè di ibùsùn.

Nínú bísínẹ́ẹ̀sì ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń rin ọ̀nà jíjìn lónìí, àga náà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń di ibùsùn tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6 àti ààbọ̀. Ẹ wo ọkọ̀ Boeing 777 fún àpẹẹrẹ. Ní ìkọ́nọ́mì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń to ènìyàn 10 sórí ìlà kan: 3 lápá kan, 4 láàárín, 3 lápá kejì. Ní bísínẹ́ẹ̀sì ọkọ̀ kan náà, ènìyàn 4 péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tò sórí ìlà. Bí a bá fi gígùn ibùsùn kún un, àyè tí ẹnì kan gbà ní bísínẹ́ẹ̀sì lè ju ti ènìyàn 3 lọ ní ìkọ́nọ́mì. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí ya àyè bísínẹ́ẹ̀sì sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Àga tí ó fẹ̀ díẹ̀ ni, kì í ṣe ibùsùn. Ní ọdún 2000 ni British Airways gbé ibùsùn pẹrẹsẹ sínú bísínẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìpele kan tún wà láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní premium economy. EVA Air àti Virgin Atlantic bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1992. Àyè ẹsẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń tó íǹṣì 38, àga rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti ìkọ́nọ́mì lọ, ṣùgbọ́n àga náà ni, kì í ṣe ibùsùn.

2. Ohun tí owó ńlá ń rà

Èkíní ni oorun. Ẹni tí ó nà gbalaja sùn dára ju ẹni tí ó sùn lórí ìjókòó lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ òru láti Èkó lọ sí Kánò mọ èyí. Èkejì ni ẹrù: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gba kílò 23 fún àpótí kan ní ìkọ́nọ́mì, wọ́n sì ń gba kílò 32 ní bísínẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀kẹta ni yàrá ìsinmi ní pápákọ̀, oúnjẹ tí a bù sí àwo gidi, àti pé a kì í tò lórí ìlà gígùn. Ẹ̀kẹrin ni pé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sábà máa ń rọrùn láti yí ọjọ́ rẹ̀ padà.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oorun nìkan ni ó kan iṣẹ́ ẹgbẹ́ gan-an. Ìgbádùn ni ìyókù. Ìgbádùn kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbádùn ni ó yẹ kí ó san án.

3. Ohun tí owó ńlá kò lè rà

Ìdáhùn ìbéèrè ìyá wa ni a ó fi ṣáájú: rárá. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 6 àti ààbọ̀ fún gbogbo èrò. Ọkọ̀ kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni yóò sì bà. Ẹni iwájú yóò kàn sọ̀kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ẹni ẹ̀yìn ni.

Afẹ́fẹ́ náà kò yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lókè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bí ti orí òkè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Jọ́ọ̀sì gan-an kò ga tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà sì gbẹ bí ọyẹ́. Omi inú rẹ̀ sábà máa ń dín sí ìdá 20 nínú 100. Nítorí náà ni ẹnu fi ń gbẹ, tí ojú ń ta. Alága ń mí in, ọmọ ẹ̀yìn ń mí in.

Ìyípadà aago náà kò mọ kíláàsì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago Lọ́ńdọ̀nù bá tiwa mu. Ní ìgbà òtútù, wákàtí 1 péré ni tiwa fi ṣáájú. Ẹni tí ó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò lè ní ìyípadà aago ni ó dá òun lágara. Ṣùgbọ́n New Delhi, níbi tí International Co-operative Alliance ti ṣe ìpàdé àgbáyé rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, fi wákàtí 4 àti ààbọ̀ ṣáájú wa. Atlanta ní Amẹ́ríkà fi wákàtí 5 tàbí 6 wà lẹ́yìn wa. Ibùsùn kò lè wo èyí sàn. Ọjọ́ ni ó ń wò ó sàn.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ìlera. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìkọ́nọ́mì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, èyí tí ó lè gbéra lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ewu náà wà lóòótọ́. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé àbájáde ìwádìí jáde pé ìrìn-àjò tí ó bá tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 6,000. Ṣùgbọ́n ìjókòó láìmira ni ó fà á. Ìwádìí náà sọ pé ewu kan náà wà nínú ọkọ̀ ilẹ̀, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin. Ní 2012, ẹgbẹ́ dókítà tí ń jẹ́ American College of Chest Physicians sọ pé kò sí ẹ̀rí pé ìkọ́nọ́mì fúnra rẹ̀ ni ó ń fa àìsàn yìí. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ewu tirẹ̀ pọ̀, nítorí kì í dìde. Ẹni tí ó sun bísínẹ́ẹ̀sì láìmira kò bọ́.

4. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò

Iye àpẹẹrẹ ni èyí, kì í ṣe iye ọjà. Ẹ fi iye ti ọjọ́ tí ẹ bá ń rà á sí i. Ká ní ìkọ́nọ́mì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ₦2,000,000, kí bísínẹ́ẹ̀sì sì jẹ́ ₦6,500,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦4,500,000. Ká ní a ń lọ ní òru: nínú wákàtí 6 àti ààbọ̀, gbígbéra, oúnjẹ àti bíbalẹ̀ yóò gba bíi wákàtí 2. Ó ku wákàtí 4 àti ààbọ̀ fún oorun. Nítorí náà, wákàtí oorun kan jẹ́ ₦1,000,000.

Ṣùgbọ́n oorun ni akọ̀wé náà ṣe aláìní. Ẹ jẹ́ kí a rà á ní ibòmíràn. Bí aṣojú bá wọ ìkọ́nọ́mì, tí ó sì dé ní ọjọ́ kan ṣáájú ìpàdé, kí òtẹ́ẹ̀lì òru kan àti oúnjẹ jẹ́ ₦300,000, yóò sùn ní gbogbo òru lórí ibùsùn tí kò mì. Owó tí ó ṣẹ́kù lápò ẹgbẹ́ jẹ́ ₦4,200,000. Ó tó láti yá ọmọ ẹgbẹ́ 14 ní ₦300,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyá aláṣọ náà lè wà nínú wọn.

A ó tún rí i pé àṣìṣe ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìkọ́nọ́mì tí wọ́n rà. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rán akọ̀wé lọ láìfún un ní òru kan láti sinmi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọ́n fi mílíọ̀nù wo ohun tí òtẹ́ẹ̀lì òru kan ìbá wò.

5. Ìlànà tí a dábàá

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ìgbìmọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀, kí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí i, kí a tó dárúkọ ẹni tí yóò lọ. Ìlànà tí a bá ṣe lẹ́yìn tí a ti mọ ẹni tí ń lọ, ojúsàájú ni àwọn ènìyàn yóò kà á sí.

(a) Ìrìn-àjò tí kò bá tó wákàtí 8: ìkọ́nọ́mì fún gbogbo aṣojú, àti alága àti ọmọ ẹgbẹ́ lásán, pẹ̀lú òru kan fún ìsinmi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ń gbéra ní òwúrọ̀ bá wà, òun ni kí a wọ̀.

(b) Ìrìn-àjò tí ó bá ju wákàtí 8 lọ, bí irú ti Atlanta tí ó tó bíi wákàtí 12: ìkọ́nọ́mì pẹ̀lú òru méjì fún ìsinmi, tàbí ìpele àárín, èyí tí owó rẹ̀ bá dín jù.

(d) Bísínẹ́ẹ̀sì: bí dókítà bá kọ ìwé pé ara aṣojú kò gba ìjókòó pípẹ́, tàbí bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó dé lẹ́yìn ìrìn-àjò òru gígùn, tí kò sì sí ọ̀nà láti tètè lọ. Kí a kọ ìdí rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. A kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ àgbàlagbà tí eegun ń dùn nítorí pé a fẹ́ ṣọ́ owó.

(e) Ẹni tí ó bá fẹ́ ìgbádùn lè fi owó ara rẹ̀ kún owó ìkọ́nọ́mì. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè.

(ẹ) Kí aṣojú dá tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìwọkọ̀ padà fún akápò. Orúkọ kíláàsì wà lórí wọn. Bí a kò bá gba ìwé wọ̀nyí, ẹnì kan lè gba owó bísínẹ́ẹ̀sì kí ó sì wọ ìkọ́nọ́mì, ayẹ̀wéwò kò sì ní mọ̀.

6. Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ń wọ ìkọ́nọ́mì

Ẹ tètè béèrè fún ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín, kí ẹ lè máa dìde láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì ní àyè ẹsẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ẹ dìde rìn ní wákàtí méjì-méjì. Bí ẹ bá jókòó, ẹ máa na ọmọ ẹsẹ̀ sókè sódò. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ jìnnà sí ọtí àti oògùn oorun. Ẹ wọ bàtà tí kò fún ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí, aláboyún, àti ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá.

Iyì ẹgbẹ́ kò sí lára àga tí aṣojú jókòó sí lókè níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ti rí i. Ó wà nínú ìròyìn tí ó mú bọ̀, àti nínú ìṣirò owó tí a lè kà sí etí ìyá aláṣọ láìwojú ilẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé yín

(i) Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ yín ní ìlànà ìrìn-àjò tí a kọ sílẹ̀? Ta ni ó fọwọ́ sí i?
(ii) Ẹ mú ìrìn-àjò tí aṣojú yín lọ kẹ́yìn. Èló ni wákàtí oorun kan ná ẹgbẹ́?
(iii) Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni ìyàtọ̀ owó náà ìbá yá lówó?