Àlòkù Kọ́, Àlòpẹ́ Ni

Orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọn bí Yorùbá ẹnìkan ṣe mọ́ tó. Wọ́n á ka iye orúkọ tó yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní èdè ti bàjẹ́. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n náà kò pé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ ká máa wò, torí ibẹ̀ ni èdè wa ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe tó ń bà á jẹ́ máa ń wà. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, pàápàá Peugeot 404 àti 504 tí ẹnu wa ti sọ di Píjò, nítorí àwọn tó ní in, àwọn tó ń tún un ṣe àti àwọn tó kàn ń pé jọ láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ gbọ́ bí mẹkáníìkì ṣe ń rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́: "Tú kábúrétọ̀ yẹn, fọ̀ ọ́, fẹ́ ẹ, kó o dè é padà." Orúkọ kan ṣoṣo ló yá níbẹ̀. Tú, fọ̀, fẹ́ àti dè, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ẹ tún wo ohùn tó wà lórí arọ́pò-orúkọ: fẹ́ ní ohùn òkè, ó di "fẹ́ ẹ", fọ̀ àti dè ní ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n di "fọ̀ ọ́" àti "dè é". Ọmọṣẹ́ tí kò ka ìwé gírámà rí kì í ṣì í sọ. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé tó ń bú u nítorí "kábúrétọ̀" ló ń kọ "wà ọkọ̀" síbi tó yẹ kí wọ́n kọ "wa ọkọ̀". Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bíi wà máa ń di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í yí níwájú arọ́pò-orúkọ: wa ọkọ̀, wà á.

Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe la fi ń sọ ọ́ lórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti orí omi ni ọkọ̀ àwọn baba wa. Nígbà tí ti orí ilẹ̀ dé, èyí tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́ di ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tó ń kó èrò di akérò, èyí tó ń kó ẹrù di akẹ́rù. (Ẹ má pa àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí pọ̀. Èrò tó wọ inú "kó" ló bí akérò, ẹrù ló bí akẹ́rù. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ ẹ àti fáwẹ́lì tó gbẹ̀yìn ló ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àpò gààrí.) Àwọn Bedford onípákó tí èrò ti ń fi orúnkún gún ara wọn di bọ́lẹ̀kájà, odindi gbólóhùn tó pe ènìyàn níjà. Kí ló dé tí píkọ́ọ̀pù kò rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà? Lọ́dún 1925 tí Ford kọ́kọ́ gbé èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe jáde lára Model T, ẹrù àgbẹ̀ àti ti oníṣòwò ló wà lọ́kàn wọn. Àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a to pákó sí ẹ̀yìn rẹ̀, a ta tàpólì lé e, ènìyàn àti iṣu jọ wọ̀ ọ́. Bí a bá pè é ní akérò, a fi iṣu sílẹ̀. Bí a bá pè é ní akẹ́rù, a sọ ènìyàn di ẹrù. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kí orúkọ àyálò náà dúró nìyẹn. Ní Benin àti Tógò, tàpólì tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ lédè Faransé: bâchée.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni orúkọ tí à ń pe ọkọ̀ tó ti lọ́jọ́ lórí. Àwọn kan á kàn pè é ní àlòkù. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: lò àti kù ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti lò ó, ó wá ku èyí tí ẹlòmíràn ń rà. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí. Ọkọ̀ tí ẹnìkan lò fún oṣù mẹ́ta péré lè jẹ́ àlòkù. Tòkunbọ̀ náà kò sọ ju ibi tí ọkọ̀ ti wá lọ. Píkọ́ọ̀pù tí bàbá kan rà ní tuntun nílé yìí, tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, kì í ṣe àlòkù, kì í ṣe tòkunbọ̀, ì báà ti pé ogójì ọdún. Àpatì ni èyí tí a pa tì sábẹ́ igi tí adìẹ ń yé sí. Ògbólógbòó ti bá àwọn ọ̀daràn rìn pẹ́ jù nínú ìwé ìròyìn, mi ò ní fi kí mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni. Ní ti ìṣẹ̀ǹbáyé, inú ilé àkójọ ohun àtijọ́ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ohun tó ṣẹ̀ látayébáyé ni ó ń tọ́ka sí, kò sì sí bí ohun tí wọ́n ṣe ní 1979 ṣe lè bá ayé ṣẹ̀.

Mo dábàá àlòpẹ́. Bí a ṣe ṣẹ̀dá àlòkù la ṣẹ̀dá rẹ̀. Àdúrà tí à ń ṣe fún ẹni tó ra mọ́tò ló sì ti wá: "Ẹ ó lò ó pẹ́ o." Ọkọ̀ tí àdúrà náà ti gbà lórí rẹ̀ ni àlòpẹ́. Ẹnìkan lè ní kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Òótọ́ ni pé "ọkọ̀ àtijọ́" ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, mi ò sì bá a jà. Èmi náà ń lò ó. Àmọ́ "àtijọ́" kò sọ bóyá ọkọ̀ ṣì ń rìn. Àlòpẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, torí kò sí bí a ṣe ń lo ohun tí kò ṣeé lò. Ó tún ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ "gbó". Bí mo bá ní mọ́tò yín ti gbó, ojú aṣọ ni mo fi wò ó. Bí mo bá ní ó ti pẹ́, mo yìn ín, mo yin ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà kò tilẹ̀ gbà pé gbígbó jẹ́ ìtìjú ní gbogbo ìgbà. Àwọn ló ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ìgbéraga tó sì wà nínú òwe yẹn ni ti ẹni tí ìjókòó 404 rẹ̀ ti fàya, tó ní òun kò ní pààrọ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ ìtàn ọkọ̀ náà ń fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó péye. 404 jáde ní 1960, 504 tẹ̀ lé e ní 1968, wọ́n sì dá a lọ́lá ní ilẹ̀ Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó pegedé jù fún ọdún 1969. Ọdún 1979 ni píkọ́ọ̀pù ti 504 dé. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, 504 sì ń jáde níbẹ̀ títí kọjá ọdún 2000. Ìwé ìròyìn á kọ ọ́ pé wọ́n "ṣe" 504 ní Kaduna. Ṣe kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Láti ilẹ̀ Faransé ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà rẹ̀ ti wá, Kaduna ni wọ́n ti tò ó. Tò ni mẹkáníìkì náà ń sọ bó bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tán: ó kù kó tò ó padà. Ìyàtọ̀ ìṣe àti ìtò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó wà lára ìdí tí àwọn tó ń wá ẹ̀yà 504 lónìí ṣì fi ń béèrè bóyá ti Faransé ni àbí ti ibòmíràn.

Àṣìṣe tó ń dun etí mi jù ni "túnṣe ọkọ̀". Tún àti ṣe máa ń la ọ̀nà fún ohun tí a ń tún ṣe: tún ọkọ̀ ṣe, tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ba ọkọ̀ jẹ́ tí a kì í "bàjẹ́ ọkọ̀". Bó bá di ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n tó ń so pọ̀: àtúnṣe ọkọ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ orí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni àtúnṣe. Bí ẹ bá fi kábúrétọ̀ tó dára sípò èyí tó dí, ẹ tún ọkọ̀ ṣe. Bí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì Píjò, tí ẹ gbé ti Toyota sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bí ẹ bá wá gbogbo ẹ̀yà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, tí ẹ kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tó ní nígbà náà, ẹ mú un bọ̀ sípò. Ìmúbọ̀sípò ni mo máa fi pe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn ni. Ilé ìjọsìn yá a lò ni, Yorùbá ló ni ín: egungun tó yẹ̀ náà la ń mú bọ̀ sípò.

Ẹ súnmọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà wò. Ẹni tó fẹ́ ra àlòpẹ́ máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá irin rẹ̀ kàn dípẹtà ni àbí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Irin tó dípẹtà, ojú rẹ̀ ló pọ́n. Ẹ fi sánpépà ha á, ẹ kùn ún lọ́dà, ó tán. Irin tí ìpẹtà ti jẹ, ó ti tán nínú, bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á lu. Ìyẹn di ti jórinjórin. Ìyàtọ̀ owó gọbọi ló wà láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì, pàápàá fún ọkọ̀ tó ti pẹ́ létí òkun ní Èkó níbi tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti ń bá irin jà. Oníṣòwò tó bá ní "ó kàn dípẹtà díẹ̀ ni", ẹ tẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Kí ẹ tún kíyèsí orúkọ jórinjórin náà: ó ń jó irin, ó parí. Àwọn tó ṣẹ̀dá orúkọ yẹn kò jókòó ìpàdé.

Ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́ á ní a yá ọ̀rọ̀-ìṣe náà: páàkì, rìfáásì, nọ́ọ̀kì. Ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń sọ "páàkì" náà ló ń béèrè pé "Ibo lẹ gbé mọ́tò sí?", bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbé mọ́tò lérí. Fi ẹ̀yìn rìn ṣì wà fún rìfáásì. Nọ́ọ̀kì nìkan ni mo jọ̀wọ́ fún, mo sì ní ìdí. Bí ẹ bá ní ẹ́ńjìnnì kú, ó lè jẹ́ pé epo ló tán. Ẹ ó tún ṣíná sí i, á jí. Bí mọ́tò bá takú, agídí ló ń ṣe, ó kọ̀ láti gbéra. Bó bá dẹnu kọlẹ̀, ojú ọ̀nà ló ti já yín kulẹ̀. Kò sí èyí nínú wọn tó sọ pé inú ẹ́ńjìnnì ti run, àfi kí a tú u palẹ̀ tàbí ká ra òmíràn. Nọ́ọ̀kì ló sọ ìyẹn, àyè tó ṣófo ló sì wá dí. Bó ṣe yẹ kéèyàn yá nǹkan nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ti ọ̀nà kejì yọ: bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá lágbára tó báyìí, ẹ jẹ́ ká fi ṣẹ̀dá orúkọ fún kábúrétọ̀, ká pè é ní ẹ̀rọ apo-epo-mọ́-afẹ́fẹ́. Ó ṣeé ṣe fún ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, mi ò lòdì sí i níbẹ̀. Àmọ́ ẹ mú orúkọ yẹn lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, kí ẹ sì wò bóyá ẹ ó rí i rà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ibẹ̀ ń sọ Ìgbò nílé, mẹkáníìkì tó wá rajà ń sọ Yorùbá, kábúrétọ̀ ló sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn. Orúkọ jẹ́ ti gbogbo ọjà. Ohun tí a máa fi kábúrétọ̀ ṣe tó bá délé, ìyẹn ni tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbádùn. "Olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ni mí" kò ṣàìtọ́, ṣùgbọ́n ó gan. Lẹ́nu tiwa, nǹkan náà ló máa ń ṣe ìṣe, ènìyàn ló máa ń gbà á: píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ló wù mí. Ẹni tó wù kò ní "lo ọkọ̀ fún ìgbádùn" lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń fi í gbafẹ́, ó ń fi í ṣe fàájì. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá pàdé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tirẹ̀ bọ̀ sípò ni wọ́n ń kí kú ìnáwó, torí wọ́n mọ ohun tí ojú àpò rẹ̀ rí. Ẹni tó kàn ń tọ́jú tirẹ̀ lọ, "Báwo ni mọ́tò?" ni wọ́n ń bi í, "Ó ń gbìyànjú" ni ìdáhùn rẹ̀. Bó bá fèsì pé mọ́tò òun wà ní ipò tó dára, ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló rò kó tó lanu.