Àpótí Ìmọ̀: Àwòrán Ìgbé-ayé Ojoojúmọ́ ní Nẹ́dálándì

Àwòrán ìgbé-ayé ojoojúmọ́ máa ń fi ìṣe àwọn ènìyàn lásán hàn: ìyá tó ń tọ́jú ọmọ, àwọn tó ń mutí, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀. Kì í ṣe àwòrán ọba tàbí ẹni mímọ́. Ẹni inú rẹ̀ kì í sábà ní orúkọ. Ó gbilẹ̀ ní Nẹ́dálándì láàárín ọdún 1601 sí 1700, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kì í ra àwòrán sí orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò tó rí já jẹ ń ra àwòrán kéékèèké sára ògiri ilé wọn.

Àpẹẹrẹ: àwòrán obìnrin tó ń da wàrà, tí Johannes Vermeer yà ní nǹkan bí ọdún 1660 (ó wà ní Rijksmuseum, Amsterdam).

• Ta ni? Ọmọ ọ̀dọ̀ kan nínú ilé ìdáná.
• Kí ló ń ṣe? Ó ń rọra da wàrà sínú abọ́; búrẹ́dì wà lórí tábìlì.
• Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé? Ojú fèrèsé apá òsì.
• Ohun kékeré wo ló hàn? Ìṣó lára ògiri, agbọ̀n tó so rọ̀.
• Kí ló fà yọ? Iṣẹ́ ilé pàápàá ní iyì.

Rántí: ayàwòrán ló máa ń to ohun inú àwòrán bó ṣe fẹ́, nígbà mìíràn láti kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Jan Steen, bí àpẹẹrẹ, ya ilé tó rí wúruwùru láti fi ìwà àìníjàánu ṣe yẹ̀yẹ́.