Ṣé Lóòótọ́ Ni Lepton Fúyẹ́?

Nínú ẹ̀ka wa, bí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì bá dé, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí a wá orírun rẹ̀ ní èdè Gíríìkì tàbí Látìnì, kí a sì túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ físíìsì kan wò tí ọ̀nà yìí lè fi tàn wá: lepton.

Ọdún 1948 ni Léon Rosenfeld, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lo orúkọ náà. Ó ní Christian Møller ló dá a lábàá. Inú leptos ni wọ́n ti yọ ọ́: ohun tó kéré, tó tín-ín-rín. (Owó wẹ́wẹ́ tí opó inú Bíbélì fi tọrẹ, lepton náà ni wọ́n ń pè é ní Gíríìkì.) Orúkọ yìí bá a mu nígbà náà. Bí a bá fi electron ṣe hóró àgbàdo kan, muon tó hóró 207, proton sì tó 1,836.

Nígbà tó di 1975, Martin Perl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde lepton mìíràn, tau. Hóró tirẹ̀ tó 3,477! "Ohun kékeré" wá wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po méjì proton. Síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́, torí ìwúwo kọ́ ni wọ́n fi ń dá lepton mọ̀ mọ́. Agbára tó so proton àti neutron pọ̀ nínú átọ́ọ̀mù kì í ràn án. Ìyẹn ni àmì rẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Ìbàdàn lẹ́nu. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni àwọn àgbà sọ pé orúkọ ìlú yìí ti wá. Lónìí ilé ti gba ọ̀dàn. Ẹni tó ń wá ilẹ̀ oko a forí lé ẹ̀yìn Mọ́níyà tàbí ọ̀nà Àkànràn. Ta ló ní kí a yí orúkọ ìlú padà?

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ físíìsì kò gbọ́ Gíríìkì, orúkọ lásán ni lepton létí rẹ̀. Bí àwa bá pè é ní "èérún fífúyẹ́", ọmọ ilé-ìwé gírámà ní Lálúpọn yóò gbọ́ "fúyẹ́" ketekete, yóò sì kọ ọ́ nínú ìdánwò pé tau fúyẹ́ ju proton lọ. Ìtumọ̀ wa ló fi máàkì rẹ̀ ṣòfò.

Ní tèmi, kí a yá a lò: lẹ́pítọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá ní orúkọ Yorùbá tó sọ ìṣesí rẹ̀, tí kò dá ìwúwo rẹ̀ lórúkọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.